Bí Àjọ Tí Kì Í Wá Èrè Ṣe Lè Ran Ará Ìgbèríko Lọ́wọ́ Láì Gba Àṣà Wọn Lọ́wọ́ Wọn

Àṣà kì í ṣàdédé kú ní ìgbèríko. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò rí owó jẹun nídìí rẹ̀ mọ́, ọmọ rẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀, ọmọ náà sì gba ìgboro lọ. Ọjọ́ tí àgbà yẹn bá dákẹ́, orin, egbòogi, ọnà tàbí ìtàn tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé àjọ kan lè tọ́jú àṣà ní abúlé tí kò tíì bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń jẹun. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Níbi tí ebi bá ṣì wà, fídíò tó dára jù lọ láyé kò lè mú kí ọmọ jókòó ti ìyá rẹ̀ kọ́ṣẹ́.

Ẹgbẹ́ kékeré ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: ẹ̀yin mẹ́ta tàbí márùn-ún tí ẹ fẹ́ dá àjọ sílẹ̀, tàbí tí ẹ ti dá a sílẹ̀, tó wù yín láti bá abúlé kan ṣiṣẹ́ níbi tí owó ti ṣọ̀wọ́n ṣùgbọ́n tí ìmọ̀ pọ̀. Mo tò ó bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń tẹ̀ lé ara wọn. Ìgbésẹ̀ mìíràn gùn nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn àjọ tó ní inú rere ti máa ń ṣe àwọn èèyàn léṣe láìmọ̀. Àwọn yòókù kò gba àlàyé púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ̀wé béèrè owó

Ọ̀pọ̀ àjọ ló máa ń yí i po. Wọ́n á jókòó sí ọ́fíìsì kọ ètò, wọ́n á rí owó gbà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá lọ sọ fún abúlé pé oore ti dé. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Hassan Fathy, ọ̀gá nínú yíyàwòrán ilé ní Íjíbítì. Ní àwọn ọdún 1940, ìjọba fẹ́ kó àwọn ará Gourna kúrò lórí ibojì àwọn ará àtijọ́ tó wà lódì kejì odò sí Luxor, wọ́n sì ní kí Fathy kọ́ abúlé tuntun fún wọn. Ó lo bíríkì amọ̀, ó wá àwọn mọlémọlé Nubia, ní gúúsù Íjíbítì, tó mọ bí a ṣe ń fi amọ̀ bo òrùlé láìlo igi, ó ya ọjà, mọ́sálásí àti ilé ẹ̀kọ́ sí i. Iṣẹ́ tó fi ọ̀wọ̀ hàn fún àṣà ni, títí dòní ni wọ́n ṣì ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún kò fẹ́ kó lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ibojì wọ̀nyẹn ni ọ̀nà oúnjẹ wọn wà, kò sì sẹ́ni tó fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀ ètò. Èyí tó pọ̀ jù nínú abúlé náà kò parí. Bí ó ṣe rí fún ẹni tó ní ẹ̀bùn tó báyìí, ẹ mọ̀ pé ìfẹ́ àṣà nìkan kò tó.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ láìgbé kámẹ́rà dání. Ẹ kí olórí abúlé àti àwọn àgbà, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ wọn, torí pé ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kò ní rí ẹni gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Olórí kì í sábà mọ ohun tí obìnrin tó ń mọ ìkòkò ń fojú rí. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè bá àwọn obìnrin jókòó nìkan, àwọn ọ̀dọ́ nìkan, àwọn àlejò tó ti pẹ́ níbẹ̀, àti ìdílé tí àwọn yòókù máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Àwọn tí a kì í pè sípàdé gan-an ló sábà máa ń ní iṣẹ́ ọwọ́ tàbí orin tó ti ń parẹ́ lọ.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ràn jù. Àkọ́kọ́: kí ló ń ná yín lówó tàbí lágbára jù báyìí? Èkejì: kí ni ẹ ò fẹ́ kó parẹ́ mọ́ yín lójú? Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ kì í bi: ta ló ti wá síbí ṣáájú wa, kí ló ṣèlérí, kí ló sì gbé lọ? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn ẹ̀kẹta yẹn dáadáa. Ẹ lè gbọ́ pé àwọn kan ti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ mọ́, tàbí pé ère kan ti kúrò nílé tí kò padà. Tí ẹ bá lè bá wọn wá ẹ̀dà ohùn yẹn padà, ẹ ti ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó nítumọ̀, kò sì ní ná yín ju ìwé kíkọ àti sùúrù lọ.

Kí ẹ má bàa rò pé ijó àti aṣọ nìkan ni àṣà, ẹ fi ìpín márùn-ún tó wà nínú àdéhùn UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti ọdún 2003 lórí àṣà àjogúnbá tí kò ṣeé fọwọ́ kàn yẹ ara yín wò: ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìtàn; orin, ijó àti eré; ìṣe àwùjọ, ayẹyẹ àti ọdún; ìmọ̀ nípa ilẹ̀, ewé, omi àti ojú ọjọ́; àti iṣẹ́ ọwọ́. Ìkẹrin yẹn ni àwọn àlejò máa ń gbàgbé jù, òun sì ló máa ń wúlò jù fún àgbẹ̀. Ẹni tó mọ irúgbìn tó ń fara da ọ̀dá ju ẹni tó mọ̀ ọ́n jó lọ, bí ọ̀ràn oúnjẹ bá dé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ẹni tó ni ín, kí ẹ gba ìyọ̀ǹda tòótọ́

Kò sí ohun tí a kàn lè pè ní ti gbogbo abúlé. Orin kan lè jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo. Ọnà kan lè wà tó jẹ́ pé opó nìkan ló ń yà á. Ìtàn kan wà tí a kì í sọ ní ìgbà òjò, òmíràn wà tí ẹni tí wọn kò tíì mú wọ awo kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ béèrè lórí ohun kọ̀ọ̀kan: ta ló lè sọ ọ́, ta ló lè gbọ́ ọ, ta ló lè sọ pé rárá?

Ìtàn àwọn ará San ní gúúsù Áfíríkà yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ àjọ mọ̀. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń jẹ ewéko hoodia láti fi pa ebi àti òùngbẹ nígbà tí wọ́n bá rìn jìnnà lọ ṣọdẹ. Ní àwọn ọdún 1990, CSIR, ilé ìwádìí ìjọba South Africa, gba ìwé ẹ̀tọ́ (patent) lórí èròjà inú rẹ̀, wọ́n sì fún ilé iṣẹ́ òkèèrè láyè láti sọ ọ́ di oògùn tó ń dín ìsanra kù, láìjẹ́ pé ẹnì kan bi àwọn San. Lẹ́yìn ariwo ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn pínpín èrè ní ọdún 2003. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó gbà á tún fi í sílẹ̀ nígbà tó yá, èrè tí wọ́n ń retí kò sì tó nǹkan. Ní ọdún 2017, àwọn San fúnra wọn gbé ìlànà jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá ṣèwádìí láàárín wọn, lára rẹ̀ ni ọ̀wọ̀, òtítọ́, ìdájọ́ òdodo àti àìṣègbè, àti ìtọ́jú. Ẹ bi abúlé tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ bóyá àwọn náà fẹ́ ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́, ẹ bá wọn kọ ọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí ẹ sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tẹ̀ lé e.

Àwọn ìkéde àti àdéhùn àgbáyé wà lẹ́yìn wọn. Ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2007 lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, ní abala 31, sọ pé àwọn ló ni àṣẹ lórí àjogúnbá àti ìmọ̀ ìbílẹ̀ wọn. Ìkéde ti ọdún 2018 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko náà sọ̀rọ̀ lórí àṣà àti ìmọ̀ ìbílẹ̀ ní abala 26. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ lórí ohun tí èèyàn fi ọpọlọ ṣẹ̀dá, fẹnu kò ní Geneva lórí àdéhùn kan pé ẹni tó bá ń wá ìwé ẹ̀tọ́ lórí nǹkan tó jáde láti ara ewéko tàbí ẹranko, tàbí ìmọ̀ ìbílẹ̀ tó jẹ mọ́ wọn, gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí i.

Bí a ṣe ń gba ìyọ̀ǹda rèé. Ẹ ṣàlàyé ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, lẹ́nu, kì í ṣe lórí ìwé nìkan. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀, ibi tí ẹ máa tọ́jú ẹ̀ sí, ẹni tó lè rí i, owó tó wà nínú rẹ̀ àti ẹni tí owó náà ń lọ sọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sílé. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ́, torí pé ẹni tó ń dá àlejò lóhùn lójú ẹsẹ̀ sábà máa ń ní ìtìjú láti sọ pé rárá. Nígbà tí ẹ bá padà, ẹni tó lè kọ̀wé lè fọwọ́ sí ìwé, ẹni tí kò lè kọ ọ́ lè sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Méjèèjì dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan lórí ohun kọ̀ọ̀kan: ó lè jẹ́ ti gbogbo ayé, ti abúlé nìkan, ti ìdílé nìkan, tàbí kí a tì í pa títí di ìgbà kan. Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n lè yí èrò padà lọ́la. Ẹ sì sọ òótọ́ tó le: ohun tó bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó lè kó o padà tán. Fún àṣàyàn báyìí, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Mukurtu, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ará Warumungu ní Australia, tó jẹ́ kí abúlé pinnu ẹni tó lè rí fáìlì kọ̀ọ̀kan. Àjọ Local Contexts náà ní àwọn àmì tí abúlé lè lẹ̀ mọ́ ohun tiwọn láti sọ bí ó ṣe yẹ kí a lò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìwé òfin

Ẹ forúkọ àjọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba orílẹ̀-èdè yín, ẹ ṣí àkáǹtì tó máa gba ìbuwọ́lùwé èèyàn méjì ó kéré tán, kí ẹ sì kọ ìlànà yín sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ níbí: ẹ fi àwọn ará abúlé sínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu, kì í ṣe ìgbìmọ̀ agbaninímọ̀ràn tí wọ́n ń pè jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ya fọ́tò. Tí ìbò wọn kò bá lè dá ètò dúró, wọn kò sí nínú ìgbìmọ̀ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Owó, ní gbangba

Ibi tí àjọ àti abúlé ti máa ń jà nìyí, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìṣirò, ẹ fi àwọn ohun tí a sábà máa ń gbàgbé sí i: owó ọjọ́ iṣẹ́ fún àgbà tó jókòó bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ kó wà lóko, owó ọkọ̀ wọn, oúnjẹ ìpàdé, ẹni tó máa bá àwọn ìyá gbé ọmọ, owó ògbufọ̀, owó àdàkọ ìwé ní èdè wọn, àti owó tí ẹ máa fi padà lọ lẹ́yìn tí ètò bá parí láti dá ohun tí ẹ gbà padà.

Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn sọ pé tí a bá sanwó fún àgbà, a ti ba àṣà jẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wá láti ìgboro ń gba owó oṣù lórí iṣẹ́ náà, awakọ̀ ń gba owó, oníkámẹ́rà ń gba owó. Ẹni tó ni ìmọ̀ nìkan ló máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́? Àmọ́ ẹ béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ gbà á. Àwọn kan kì í gba owó lórí ohun mímọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á gba irúgbìn, òrùlé, tàbí owó ilé ìwé ọmọ.

Ẹ kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sára pátákó níbi tí gbogbo èèyàn ń kọjá, kí ẹ sì kà á sókè nípàdé, torí pé gbogbo èèyàn kọ́ ló mọ̀ ọ́n kà. Ẹ ka owó oṣù tiyín náà sí i. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í rọrùn. Lẹ́yìn ìyẹn, òfófó kì í rí ibi dúró sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Gbígba nǹkan sílẹ̀

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan àti fóònù tó ya àwòrán dáadáa ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ohùn ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ. Àwòrán tó ṣókùnkùn ṣì wúlò, ohùn tí atẹ́gùn bò kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ẹ̀rọ sí WAV (irú fáìlì tí kì í yọ ohùn dànù), 48 kHz, 24 bit, ìyẹn ìwọ̀n tí àjọ IASA tó ń rí sí ìtọ́jú ohùn dá lábàá pé kó má kéré sí i. MP3 máa ń yọ apá kan ohùn dànù, kò sì ṣeé dá padà. Pẹ̀lú ìwọ̀n yìí, wákàtí kan tí a fi ẹnu ẹ̀rọ méjì gbà máa tó gígábáìtì kan, nítorí náà ẹ gbé káàdì tó tóbi dání. Ẹ fi gbohùngbohùn sí itòsí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ fi kànrìnkàn bò ó nítorí atẹ́gùn, ẹ kúrò nítòsí jẹnẹrétọ̀ àti òrùlé páànù tí òjò ń rọ̀ lé, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn (headphone) sí etí tiyín bí ó ṣe ń lọ. Ẹ gbé bátìrì àfikún lọ, iná lè má sí.

Kí ẹ tó bi ìbéèrè kankan, ẹ sọ ọjọ́, ibi, èdè, orúkọ ẹni náà bó bá fẹ́ kí a dárúkọ òun, àti irú ìyọ̀ǹda tó fún yín sínú ẹ̀rọ. Bí gbogbo ìwé bá sọnù lọ́jọ́ kan, ohùn yẹn máa ṣàlàyé ara rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ ọwọ́, ẹ ya ọwọ́, ẹ má ya ojú nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń bu amọ̀ tàbí gé ewé, kì í ṣe nígbà tí ohun èlò ti wà nílẹ̀. Kí ẹ sì béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè: báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èyí kò dára? Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tó bàjẹ́ hàn yín. Ọ̀gá mọ̀kòkò lè sọ bí amọ̀ ṣe rí lọ́wọ́ nígbà tí omi rẹ̀ kò tó, tàbí bí ìkòkò tó sán ṣe ń dún nígbà tí a bá fi ìka kàn án. Inú ìdájọ́ ojú, ọwọ́ àti etí yìí gan-an ni ìmọ̀ náà wà, ẹni tí kò bá béèrè kò ní rí i nínú fídíò.

Orúkọ fáìlì kó má ní àmì ohùn tàbí àlàfo: 20250314_ikoko_01.wav ti tó. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú ẹni tó sọ̀rọ̀, ibi, ọjọ́, èdè, ohun tí ó dá lé lórí, àti ẹni tó láṣẹ láti gbọ́ ọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ ọ́. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ti gbàgbé.

Kíkọ ọ̀rọ̀ inú ohùn jáde ló máa ń jẹ àkókò jù, wákàtí kan lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. ELAN, ètò kọ̀ǹpútà kan tí ilé ìwádìí Max Planck ní Nijmegen, ní Netherlands, ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ bá ohùn rìn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé bí a ṣe ń lò ó, kí ẹ sì sanwó fún wọn. Nípa bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ dé fún wọn, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wọn léraléra, àṣìṣe yín sì dínkù, torí pé èdè ìyá wọn ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìtọ́jú

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, iná jó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Brazil ní Rio de Janeiro. Lára ohun tó jóná ni ohùn àti ìwé lórí àwọn èdè ọmọ onílẹ̀, títí kan èdè tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́. Ilé ńlá ti ìjọba nìyẹn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Ìlànà tí àwọn tó ń tọ́jú fáìlì mọ̀ ni mẹ́ta, méjì, ọ̀kan: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn tó jìnnà. Ẹ ṣí àwọn fáìlì náà wò lọ́dọọdún, kí ẹ sì ra ohun ìpamọ́ tuntun kí ti àtijọ́ tó kú. Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó bá wà lọ́wọ́ abúlé kò gbọ́dọ̀ dúró: tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀ ń bàjẹ́, ẹ̀rọ tó ń lù ú sì ti ń wọ́n.

Ẹ̀dà tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tó wà lábúlé, ní ọ̀nà tí wọ́n lè fi lò ó. Káàdì tó ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù olówó pọ́ọ́kú dára ju ìkànnì ẹlẹ́wà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣí i. Ìwé fọ́tò tí a tẹ̀, tí orúkọ àwọn èèyàn wà lábẹ́ rẹ̀, á máa lọ láti ilé dé ilé. Bí rédíò àdúgbò bá wà, tí àwọn tó ni ohùn sì gbà, ẹ gbé e síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Kí ìmọ̀ ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́

Ohun tí a gbà sílẹ̀ kò tíì yè, ó kàn wà nípamọ́ ni. Ìgbà tí ọ̀dọ́ bá lè ṣe é láìwo fídíò ló yè.

Japan ti ṣòfin lórí èyí láti ọdún 1950, Gúúsù Korea sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1962: ìjọba dá ọ̀gá iṣẹ́ mọ̀, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ kó lè máa kọ́ ẹlòmíràn. Àjọ kékeré lè ṣe é ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá kan àti ọmọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ san owó fún ọ̀gá, kí ẹ sì fún ọmọ iṣẹ́ ní owó tó máa mú kó ṣeé ṣe fún un láti dúró dípò kó wá iṣẹ́ lọ sí ìgboro. Ọ̀gá ni kó yan ọmọ iṣẹ́, òun náà ni kó sọ ìgbà tó parí. Ìwé ẹ̀rí yín kò já mọ́ nǹkan kan bí ọ̀gá kò bá tíì sọ pé ó tó.

Ẹ tẹ̀ lé àkókò oko. Ẹ̀kọ́ tí ẹ bá fi sí ìgbà ìkórè, ẹ ò ní rí ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ sì wo ibi tí ohun èlò ti ń wá. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ló ń parẹ́ nítorí pé wọ́n ti gé igi rẹ̀ tán, tàbí pé ẹnì kan ti ra ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa amọ̀. Nígbà mìíràn, ìrànwọ́ tó dára jù tí àjọ lè ṣe fún àṣà ni kó gbin igi, tàbí kó bá abúlé wá agbẹjọ́rò tó máa gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ọjà

Kí ẹ tó ta ohunkóhun, ẹ béèrè ohun tí kò ṣeé tà. Lẹ́yìn náà, ẹ bá wọn ṣírò iye tó yẹ kí ọjà jẹ́, torí pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìgbèríko kì í ka àkókò ara wọn sí owó. Ká ní aṣọ kan gba wákàtí 40: ẹ fi 40 sọ iye tí wọ́n ń san fún wákàtí kan iṣẹ́ oko ládùúgbò di púpọ̀, ẹ fi owó òwú àti aró kún un, ẹ fi owó irinṣẹ́ tó ń gbó kún un, ẹ fi ìpín ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kún un. Bí iye tí alágbàtà ń san bá kéré sí èyí, oníṣẹ́ náà ló ń san owó fún alágbàtà. Mo ti rí i pé ìṣirò yìí nìkan máa ń yí ọ̀nà tí àwọn èèyàn gbà ń dúnàádúrà padà, kódà kí ètò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Peru, Nilda Callañaupa Álvarez, ahunṣọ ará Chinchero, pẹ̀lú àwọn mìíràn dá Centro de Textiles Tradicionales del Cusco sílẹ̀ ní ọdún 1996. Àwọn ahunṣọ láti oríṣiríṣi abúlé ló wà nínú rẹ̀: àgbà ń kọ́ èwe, wọ́n padà sí aró tí a ń rẹ láti ara ewé àti kòkòrò, wọ́n sì ní ilé ìtajà tiwọn ní Cusco. Ohun tó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé ahunṣọ ló wà nídìí rẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni.

Ẹ fi orúkọ ẹni tó ṣe é àti abúlé rẹ̀ sára ọjà, bí wọ́n bá gbà. Orúkọ yẹn ni ẹ̀rí wọn lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá jí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2015, àwọn ará Santa María Tlahuitoltepec ní Mexico rí iṣẹ́ ọnà búláòsì wọn lára aṣọ tí oníṣọ̀nà kan ní ilẹ̀ Faransé ń tà, wọ́n sì figbe ta. Ní oṣù kìíní ọdún 2022 ni Mexico gbé òfin jáde tó dáàbò bo àjogúnbá àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà. Ẹ wádìí bóyá orílẹ̀-èdè yín ní irú òfin bẹ́ẹ̀, tàbí àmì tó ń sọ ibi tí ọjà ti wá.

Ẹ má sáré gba iṣẹ́ tó pọ̀ ju agbára lọ. Oníbàárà ńlá tó béèrè ẹgbẹ̀rún kan lóṣù kan lè sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ìyà, kó sì mú kí wọ́n pa igi tí wọ́n ń lò run.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Àwọn tó ń fúnni lówó

Ẹ wá àwọn tí ìlànà wọn bá ti abúlé mu. Endangered Archives Programme, ètò kan ti British Library, ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Bírítéènì, fún àpẹẹrẹ, ti ń fúnni lówó láti ọdún 2004 fún yíya àwòrán ìwé tó lè parẹ́, ìlànà wọn sì ni pé ojúlówó kò ní kúrò ní orílẹ̀-èdè tó ti wá. Ẹ ka àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá ní gbogbo ohun tí ẹ bá gbà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, tí abúlé sì ti sọ pé apá kan jẹ́ ti ìdílé, ẹ sọ fún olówó náà kí ó yí i padà. Bí kò bá yí i, ẹ fi owó rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ má sì ya fọ́tò ọmọ tó wọ aṣọ yíya láti fi wá owó. Àwọn òbí rẹ̀ máa rí i lọ́jọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Fífà á lé wọn lọ́wọ́

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa kúrò sínú àdéhùn àkọ́kọ́. Lọ́dọọdún, ẹ bi abúlé bí nǹkan ṣe ń lọ ní ìwọ̀n tiwọn: ọmọ mélòó ló ń kọ́ṣẹ́, ta ló ń rí owó níbẹ̀, ìjà wo ló ti dé nítorí wa, kí ni kí a dáwọ́ dúró? Ẹ dín ọwọ́ yín kù díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún kìíní ẹ lè máa ṣe ìpàdé pọ̀; ní ọdún kejì kí wọ́n máa pè é, kí ẹ wá gẹ́gẹ́ bí àlejò; ní ọdún kẹta kí wọ́n kọ̀wé béèrè owó fúnra wọn, kí ẹ kàn bá wọn kà á.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí lé wọn lọ́wọ́ níwájú ìpàdé: ìwé àkáǹtì pẹ̀lú orúkọ tiwọn nínú ìbuwọ́lùwé, ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ìkànnì àti ímeèlì, ohun ìpamọ́ tí gbogbo fáìlì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé orúkọ fáìlì, gbogbo ìwé ìyọ̀ǹda, orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà àti àwọn olówó, àti ẹ̀rọ tí ẹ fi gba nǹkan sílẹ̀, pẹ̀lú èèyàn méjì ó kéré tán tó ti mọ̀ ọ́n lò. Ẹ ní kí wọ́n ṣí fáìlì kan, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé níṣojú yín. Bí èyíkéyìí kò bá ṣí, ẹ ò tíì lè lọ.